Àárẹ̀ Ojú Pópó Kì Í Ṣe Eré Ìdárayá

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, láti Mowe, Ibafo àti Ifọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ti Mowe tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá jà. Ìyá tó kọ ọ́ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ó ní òun ti ń sanra sí i láti ìgbà tí àwọn ti kó dé Mowe, pé òun kò rówó jíìmù, àti pé ọkọ òun ní kí òun má wulẹ̀ yọ ara òun lẹ́nu: "Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí lo ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lo ń wọlé. Wàhálà yẹn nìkan ti tó eré ìdárayá."

Kò tó o. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu tíṣà, lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò gbé 170/110 jáde níwájú èèyàn, yóò sì tún máa sọ fún mi pé, "Dókítà, èmi kì í sinmi o." Mo mọ̀ pé ẹ kì í sinmi. Mo mọ bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ṣe máa ń rí láti Kara dé Bẹ́gà, tí òógùn ti mu aṣọ yín, tí ìdí ń ro yín, tí orúnkún yín kan ẹ̀yìn àga ẹni tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo wákàtí tí ẹ lò nínú bọ́ọ̀sì yẹn, kí ni ẹsẹ̀ yín ṣe? Ẹ jókòó ni. Iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan. Àyà yín lè máa lù kìkì nítorí kọ̀ndọ́ tó mú ṣéńjì yín dání, àmọ́ ìbínú ló ń lù ú. Ìbínú a máa ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè láìjẹ́ pé iṣan kankan rí àǹfààní ibẹ̀.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọ dánfó mọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris ń wá ohun tó fa àrùn ọkàn tó ń pa àwọn ọkùnrin. Ó yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì wò. Dírẹ́bà àti kọ̀ndọ́ jọ ń jáde ni, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, ó sì ń rẹ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tí kọ̀ndọ́ ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ sókè sódò kó lè gbowó, bí àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Ní 1953, Morris tẹ ohun tó rí jáde nínú The Lancet: àrùn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ̀ndọ́ lọ dáadáa, ó sì ń tètè pa wọ́n jù. Àwọn kan ní bóyá àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń lọ ṣe dírẹ́bà. Ni Morris bá lọ wá ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn. Lóòótọ́, ìbàdí ṣòkòtò dírẹ́bà fẹ̀ jù. Síbẹ̀, kọ̀ndọ́ tó sanra pàápàá sàn ju dírẹ́bà tó sanra lọ.

Ó rẹ dírẹ́bà, àárẹ̀ náà kò gbà á. Ẹ̀yin tó ń ti Mowe lọ sí Èkó lójoojúmọ́, dírẹ́bà lẹ jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ọwọ́ yín kò tilẹ̀ kan sítíárì.

Ìyá Mowe, ẹ gbàgbé jíìmù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná, kó sì fún iṣan níṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ máa rìn kánkán débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè kọrin. Bí iná bá wà lójú ọ̀nà àdúgbò yín, ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀ kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹ má rìn létí màrosẹ̀, nítorí tírélà. Nínú ilé, ẹ wá àga tí kò mì, ẹ jókòó, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, nígbà mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí ẹ máa ká ìgbọ̀nwọ́ kí ẹ sì máa nà án. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó kún fómi wúwo tó kílò márùn-ún, ẹ gbé ọ̀kan sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ́bọ̀ kò jáde lápò yín.

Arákùnrin Ibafo tó fi sìmẹ́ǹtì mọ irin sínú agolo mílíìkì kó lè máa gbé e ṣe eré ìdárayá: ó dára, bí sìmẹ́ǹtì náà bá ti gan dáadáa. Ṣùgbọ́n má ṣe sé èémí mọ́nú bí o bá ń gbé e. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a máa fò sókè lójijì. Mí síta bí o bá ń gbé e lọ sókè.

Bàbá wa ní Ifọ, rárá, ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ẹ ti ń rìn láàárọ̀. Ìrìn a máa mú un wálẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà yín ló lè dín oògùn kù. Ẹ dín iyọ̀ kù, kó má ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́, magí inú ọbẹ̀ sì wà lára ìṣirò náà. Bí àyà bá ń fún yín bí ẹ bá ń rìn, ẹ dúró, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó kọ iye ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún mi. Ìyẹn dùn mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò ní ẹ̀fọ́rí, kò sì mọ nǹkan kan. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tún un wọ̀n. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú lẹ́tà tó ń bọ̀.