Ẹ̀KỌ́ BÍBÉLÌ: Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Kristẹni Sunkún Òkú?

Ibi kíkà: 1 Tẹsalóníkà 4:13-18, Jòhánù 11:17-44, Fílípì 2:25-30

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, gbogbo wa la mọ bí ó ti máa ń rí. Wọ́n á pe akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé, bóyá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Kàbà, pé ìyá rẹ̀ ti papòdà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará fẹ́lóṣíìpù á ti kún yàrá rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn dára, kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ó tán láàrin wa. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Ó tó, má sunkún mọ́. Ṣé bí aláìgbàgbọ́ ṣe ń ṣe lo fẹ́ máa ṣe ni?" Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run nílò Màmá ní ọ̀run ló ṣe mú wọn lọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ á nu ojú nù, á ní "Olúwa ṣeun." Ó di òru kí ó tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu, kí ó sun ẹkún tí kò lè sun lójú wa.

Níbo ni a ti rí òfin yẹn? Ẹsẹ tí a máa ń fi tì í lẹ́yìn ni 1 Tẹsalóníkà 4:13, ẹsẹ náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Tẹsalóníkà. Gẹ́gẹ́ bí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17 ti wí, ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ni Pọ́ọ̀lù fi bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú sínágọ́gù. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará sì fi òru ran òun àti Sílà lọ sí Bèríà. Nígbà tí ó fi máa kọ lẹ́tà yìí, ní nǹkan bí ọdún 50 tàbí 51 lẹ́yìn ìbí Kristi, ìjọ náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Wọ́n ń retí pé Jésù yóò dé láìpẹ́. Àfi bí àwọn kan ṣe kú láàrin wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n: ṣé àwọn tó ti lọ yìí kò ti pàdánù ọjọ́ náà? Ìbéèrè àwọn tó fẹ́ràn òkú wọn nìyẹn. Kì í ṣe ìbéèrè àwọn tó ń wá àríyànjiyàn lórí ọjọ́ ìkẹyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn yẹn la máa ń fi ẹsẹ wọ̀nyí ṣe jù.

Pọ́ọ̀lù dá wọn lóhùn. Ó ní àwọn tó sùn nínú Olúwa kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn gan-an ni yóò kọ́kọ́ jí, lẹ́yìn náà ni àwọn alààyè yóò wá dara pọ̀ mọ́ wọn (ẹsẹ 16 àti 17). Ohun tó gbé e lé kì í ṣe àlá tàbí ìmọ̀lára: Jésù kú, Jésù sì jíǹde (ẹsẹ 14). Ní ti ìbànújẹ́, ó ní kò yẹ kí tiwọn rí bí ti àwọn tí kò ní ìrètí. Ẹni tó bá fi àmì ìdánudúró sí àárín gbólóhùn yẹn, tó wá ní Pọ́ọ̀lù ní kí a má banú jẹ́, ti gé ọ̀rọ̀ Àpọ́sítélì sí méjì. Irú ìbànújẹ́ kan ló kọ̀, kò kọ ìbànújẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ ṣí ìwé Fílípì. Ní orí kìíní, Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ní èrè ni ikú jẹ́ fún òun, pé láti lọ wà pẹ̀lú Kristi sàn jù. Ẹ wá ṣí i sí orí kejì, ẹsẹ 27. Ẹpafíródítù ṣàìsàn, ó kù díẹ̀ kí ó kú, Ọlọ́run sì ṣàánú fún un. Pọ́ọ̀lù ní Ọlọ́run ṣàánú fún òun pẹ̀lú, nítorí bí arákùnrin náà bá kú ni, ìbànújẹ́ ì bá gorí ìbànújẹ́ fún òun. Lẹ́tà kan náà, ọwọ́ kan náà. Èrè ni fún ẹni tó lọ, àdánù ni fún ẹni tó kù, Pọ́ọ̀lù sì mọ méjèèjì. Nínú Ìṣe 8:2 náà, àwọn olùfọkànsìn ló sin Sítéfánù, ẹni tó rí ọ̀run ṣí sílẹ̀ kí ó tó kú, síbẹ̀ wọ́n pohùn réré ẹkún lé e lórí.

Jòhánù 11 ni mo fẹ́ kí a dúró lé jù. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí Lásárù ti wà nínú ibojì. Màtá jáde lọ pàdé Jésù, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìfi bò: ká ní Olúwa wà níbẹ̀ ni, arákùnrin òun ì bá tí kú. Màríà náà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ó jọ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ara wọn láti ọjọ́ tí ó ti kú. Jésù kò bá wọn wí. Ó bá Màtá sọ̀rọ̀ àjíǹde, nítorí Màtá lè gbọ́ ọ lásìkò yẹn. Nígbà tí ó kan Màríà tó ń sunkún, kò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kankan, Òun náà sunkún ni. Ẹ rántí pé Jésù mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó mọ̀ pé láìpẹ́ Lásárù yóò jáde. Bí ìrètí bá máa ń gbẹ omijé ni, ojú Rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ gbẹ. Àwọn tó gbọ́ Gíríìkì sì sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí Jòhánù lò ní ẹsẹ 33 àti 38, fún bí ó ṣe ń ṣe Jésù nínú, ní ìbínú nínú. Mi ò rò pé Màríà ló ń bínú sí. Ọ̀tá ni ikú, ọ̀tá ìkẹyìn tí a ó parun (1 Kọ́ríńtì 15:26). Ẹni tó bá ń sọ pé Ọlọ́run nílò Màmá ní ọ̀run kò tíì ka orí yìí dáadáa.

Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìdágbére tiwa. Létí ibojì, a máa ń ní ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá. Ó ń bani nínú jẹ́ láti gbọ́, nítorí pàdé-ǹ-pàdé ni àrìnnàkò: bóyá a ó tún ríra, bóyá a ò ní ríra. A tún ní Babátúndé, Ìyábọ̀ àti Yétúndé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jẹ́ wọn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ yí orúkọ padà. Ìfẹ́ ló wà nídìí wọn: a kò fẹ́ kí ẹni wa lọ títí láé. Ṣùgbọ́n ìrètí tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ju kí bàbá àgbà padà wá bí ọmọ ọwọ́ tí kò mọ̀ wá, tí yóò tún dàgbà, tí yóò tún kú. Bàbá fúnra rẹ̀ ni, nínú ara tí kò lè kú mọ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn Kristẹni àtijọ́ fi ń pe itẹ́ òkú, ibi oorun ló túmọ̀ sí. "Ó dàárọ̀" là ń sọ fún ẹni tó lọ sùn, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́.

Irú ara wo ni yóò jẹ́? 1 Kọ́ríńtì 15:35 síwájú fi irúgbìn ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Bokkos tàbí Mangu lásìkò òjò ti rí bí wọ́n ṣe ń gbin ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí gbogbo Jos ń pè ní Irish. Èyí tí wọ́n gbìn á hun jọ, á rà sínú ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi se oúnjẹ mọ́. Èyí tí wọ́n á wá wú jáde kì í ṣe òun bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn. Àpẹẹrẹ ni o, kò lè gbé gbogbo ẹrù náà. Ọlọ́run tó jí Jésù dìde ni a gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe agbára irúgbìn.

Ní ìlú tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, bọ́ǹbù méjì bú ní Terminus, ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ibẹ̀ náà la ṣì ń gbà kọjá lónìí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2023, wọ́n kọlu àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, àwọn ìdílé sì fi ọ̀sẹ̀ ọdún sin òkú. Ta ló fẹ́ dúró níwájú wọn, kí ó ní kí wọ́n má sunkún?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá láti Kwara àti Kogi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gúnlẹ̀ sí Èkó: Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham. Kò sí ẹni tó tó 30 ọdún nínú wọn. Bingham dúró ní Èkó láti máa wá ohun tí wọ́n nílò ránṣẹ́. Àwọn méjì tó kù kọrí sí àríwá. Gowans kú ní Girku, nítòsí Zaria, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1894. Kò tó oṣù kan sí i, Kent kú ní Bídà. Bingham sọ lẹ́yìn náà pé ikú wọn mi ìgbàgbọ́ òun. Nígbà tí ó padà sí Kánádà, ó kó ìwọ̀nba ẹrù Gowans lọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí ọmọ òun kú síbi tí Olúwa rán an ju kí ó jókòó sílé nínú àìgbọràn lọ.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ yẹn gún àwa ọ̀dọ́ ní kẹ́ṣẹ́. Ìyá náà fúnra rẹ̀ lèmi ń wò, pẹ̀lú ẹrù ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ bí ibojì bá jẹ́ òpin. Ní ọdún 1902 wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Patigi, láti inú iṣẹ́ náà sì ni ìjọ ECWA ti jáde, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos níbí. Gowans kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Mi ò ní sọ pé nítorí ECWA ni Ọlọ́run ṣe jẹ́ kí ó kú. Bíbélì kò fún mi ní àṣẹ láti sọ irú ìyẹn fún ìyá kankan.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bèèrè lẹ́yìn ìpàdé: bí ẹni tó kú kò bá jẹ́ onígbàgbọ́ ń kọ́? Ẹ má parọ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ má sì gorí ìtẹ́ ìdájọ́. Olè tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù (Lúùkù 23:39-43) gba ìlérí Párádísè ní wákàtí ìkẹyìn ayé rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbi àgbélébùú lọ́jọ́ náà, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ábúráhámù fi irú ọ̀rọ̀ yìí lé Onídàájọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́ (Jẹ́nẹ́sísì 18:25). Ibẹ̀ ni kí àwa náà fi í sí.

Ẹsẹ 18 ní kí a fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara wa nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ní àsìkò. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀ (Jóòbù 2:13), ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà dé. Àwọn Hausa máa ń ní "sai haƙuri", àwa ní "ẹ kú ara fẹ́ra kù". Ó tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bá a da nóòtù kọ. Ẹ bá a lọ rí olùkọ́ bí ó bá pàdánù ìdánwò. Ẹ dá owó ọkọ̀ fún un, nítorí Jos sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò sún mọ́ra. Ẹ fi ọjọ́ ìsìnkú náà sínú fóònù yín, kí ẹ sì lọ kí i ní oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Ìgbà yẹn gan-an ni etí rẹ̀ lè ṣí sí ẹsẹ 14.

Fún ìjíròrò: Kí ló dé tí Jésù fi bá Màtá sọ̀rọ̀, tó sì sunkún níwájú Màríà? Ta ni nínú ẹgbẹ́ yín tó ṣòfò ènìyàn lọ́dún yìí, tí ẹ kò tíì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé irú ènìyàn wo ni ẹni náà jẹ́?