Bí A Ṣe Ń Dá Àrọ̀ Mọ̀ Yàtọ̀ sí Òjíjí

Ní ìgbà ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá fà nínú akùrọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ a máa wọ inú kòtò omi tí ó kù láti fi ọwọ́ mú ẹja. Àrọ̀, tí àwọn Haúsá ń pè ní tarwada, ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n òjíjí, èyí tí í ṣe minjirya, lè wà nínú omi kan náà.

Àwọn méjèèjì kò ní ìpẹ́, wọ́n sì ní irun lẹ́nu. Ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹbẹ kan ṣoṣo ni ó wà ní ẹ̀yìn àrọ̀. Láti ẹ̀yìn orí ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìrù. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì le; irun ẹnu rẹ̀ jẹ́ 8. Ní ti òjíjí, ẹ̀yìn rẹ̀ dán borokoto títí dé ìtòsí ìrù, níbi tí lẹbẹ kékeré ọlọ́ràá kan gbé wà. Ara rẹ̀ kì, ètè rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ kéré, irun ẹnu rẹ̀ jẹ́ 6, àmì dúdú sì wà káàkiri ara rẹ̀.

Mànàmáná inú òjíjí lè tó fólítì 350. Èmi fúnra mi ti rí ọkùnrin alágbára kan tí ó ju igbá ọwọ́ rẹ̀ nù, tí kò sì lè gbé apá fún ìgbà díẹ̀. Kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú nínú omi jíjìn lè ṣubú kí ó sì rì. Ìgèrè ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọwọ́.

Odò Ọya, Bẹ́núè, adágún Ṣáàdì àti odò Fọ́ltà ní Gánà ni àwọn méjèèjì wà. Òjíjí fẹ́ràn abẹ́ àpáta àti gbòǹgbò igi níbi tí omi kò ti yára. Àrọ̀ a máa gbé inú ẹrẹ̀, nítorí ẹ̀yà kan tí ó yọ ẹ̀ka bí igi wà nínú orí rẹ̀, èyí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ó tilẹ̀ lè wọ́ lórí ilẹ̀ tútù lọ sí omi mìíràn. Nígbà tí òjò bá kún odò, a wọ inú koríko àti oko ìrẹsì láti yé ẹyin.

Ẹ̀yin tí ń ra ẹja yíyan, lẹbẹ a máa jóná. Orí ni kí ẹ wò. Ti àrọ̀ a wà ní pẹrẹsẹ síbẹ̀, egungun rẹ̀ a sì hàn. Ti òjíjí ṣe roboto, ẹran bò ó.