Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀-Ilé

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìgbà tí ará ilé bá ta èèyàn ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀-ilé, ìyẹn mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnnì, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìtura nínú, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV, ògiri gan-an ni kó fi òwe náà wò. Omi ni aláǹgbá tí mò ń wí. Ibi tó bá lanu lára irú ọkọ̀ yìí, bó ti wù kó kéré mọ, òjò á mọ̀ ọ́n, á sì máa gba ibẹ̀ wọlé láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín fura, títí pákó inú ògiri á fi jẹrà.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, tí ẹ ń rò ó pé dípò òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ó fẹ́ fi ọkọ̀-ilé kó àwọn ọmọ rìnrìn àjò nígbà ọlidé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí owó yín mọ níwọ̀n, tó jẹ́ pé èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lẹ ń wò. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ohun tó burú ni kí á sanwó tán, kí ọkọ̀ di gbèsè kejì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló ṣe ọkọ̀ kan yìí. Class C ni wọ́n ń pe irú tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rà, èyí tí ibùsùn kan yọ gọngọ sókè orí dírẹ́bà. Ford ló sábà máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ àti iwájú rẹ̀, E-350 tàbí E-450. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló wá ń kọ́ ilé lé e lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní Elkhart àti àyíká rẹ̀, ní àríwá Indiana. Ìdí nìyẹn tí wàràǹtì fi jẹ́ méjì: ti mọ́tò lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ń yin ẹ́ńjìnnì fún yín, òótọ́ ló lè máa sọ, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀yìn ló sábà máa ń da àwọn tó rà á láàmú. Àwa tí a ti ra tòkunbọ̀ rí mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, bí a ṣe ń yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò, bí a ṣe ń wo àwọ̀ èéfín. Ọgbọ́n yẹn dára, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ pọ̀ lójú yín. Four Winds àti Chateau tí Thor Motor Coach ń ṣe, ọmọ ìyá ni wọ́n. Sunseeker àti Forester ti Forest River náà, bákan náà ni. Tí owó ọ̀kan bá ga ju ìkejì lọ, tí ètò inú wọn ò sì yàtọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nígbà tí owó ọkọ̀ kan bá kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, owó ti dín níbì kan nínú rẹ̀, ohun tó kàn wá ni ibi tó ti dín. Bó bá jẹ́ pé kọ́tìnnì ló fúyẹ́, tí tìmùtìmù ibùsùn rí pẹlẹbẹ, tí ẹnu ẹ̀rọ omi jẹ́ oníke, èmi ò ní torí ìyẹn sá. Ohun tí èèyàn lè pààrọ̀ ní Sátidé kan ni. Ṣùgbọ́n òrùlé, ògiri àti ilẹ̀, ẹ má fara mọ́ ẹ̀dínwó kankan níbẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ní kí àwọn tó ń tà á gbé àkàbà wá, kí ẹ sì gùn ún. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í jẹ́ kí oníbàárà gun òkè, ẹ wá ọkọ̀ níbòmíràn. Lórí òrùlé, ẹ wo ìdí gbogbo ohun tó yọ jáde: ẹ̀rọ amúlétutù, ihò afẹ́fẹ́, páìpù ilé ìtura, àti gbogbo etí tí òrùlé ti pàdé ògiri. Gọ́ọ̀mù funfun kan ni wọ́n fi ń dí ojú ibẹ̀. Èyí tó dára máa ń rọ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń yí ká láìdá. Èyí tó ti là yẹ́bẹyẹ̀bẹ bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tí etí rẹ̀ ti ń ká kúrò, omi ti ń gba ibẹ̀ wọlé tàbí kó máa tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun, tí ẹ rí i pé wọ́n kàn da gọ́ọ̀mù náà wúruwùru, tó nípọn níhìn-ín, tó fo ibì kan lọ́hùn-ún, ẹ ti rí ọwọ́ ẹni tó kọ́ ilé yẹn nìyẹn. Ẹni tó kánjú lórí òrùlé kò ní fara balẹ̀ nínú ògiri.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó di inú. Ibùsùn orí dírẹ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti òjò ti ń lu ọkọ̀ lójú bó ti ń sáré lórí títì, tó sì ní ojú ìsopọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé tìmùtìmù sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ igun méjèèjì níwájú, lọ́tùn-ún àti lósì. Kò gbọdọ̀ dẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn aṣọ tutù tí wọn ò sá ni omi tó ti pẹ́ nínú pákó máa ń ní, kò sì sí lọ́fínńdà tó lè bò ó títí. Bí wọ́n bá ti fín lọ́fínńdà káàkiri inú ọkọ̀ kí ẹ tó dé, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó padà wọlé.

Ọ̀pọ̀ ògiri ọkọ̀ yìí, awẹ́ awẹ́ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀: fáíbà tó ń dán lóde, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, fóòmù àti irin alumíníọ̀mù láàárín. Bí omi bá dé àárín wọn, gọ́ọ̀mù á jọ̀wọ́ wọn, fáíbà á sì wú sóde. Ẹ dúró ní igun ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ gbé ojú sún mọ́ ògiri, kí ẹ sì wò ó lọ títí dé iwájú. Àṣálẹ́ ló dára jù fún èyí, nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá wú níbì kan, pàápàá lábẹ́ fèrèsé, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ìtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń ju ẹ̀dínwó yòówù tí wọ́n lè fún yín lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fi gìgísẹ̀ rin gbogbo ilẹ̀, ní pàtàkì ẹnu ilẹ̀kùn àti iwájú ilé ìtura. Ẹ ṣí abẹ́ sínkì. Ihò tí páìpù gbà kọjá nílẹ̀, ṣé wọ́n dí i yíká, àbí wọ́n fi í sílẹ̀ gbayawu tí ẹ ń rí ilẹ̀ ìta láti ibẹ̀? Wáyà abẹ́ ibùsùn, ṣé wọ́n dì í mọ́ra tí wọ́n sì kàn án mọ́ ibì kan, àbí ó lọ́ pọ̀ mọ́ra nílẹ̀ẹ́lẹ̀? Dúróà, ẹ fà á jáde pátá. Bó bá jẹ́ píìnì nìkan ni wọ́n fi so ó pọ̀, á tú ká lójú ọ̀nà. Ibi tí ẹni tó ń tajà kò retí pé ẹ ó wò ni ẹ ti máa mọ òṣìṣẹ́.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìwé pélébé kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí ilẹ̀kùn tó sọ iye ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ní kí ó wà níbẹ̀. Omi inú táńkì wà lára ẹrù yẹn, gálọ́ọ̀nù kan sì lé ní póùn 8. Ká ní póùn 1,400 ni ìwé náà kọ. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta lè gba 700. Omi gálọ́ọ̀nù 40 á gba nǹkan bíi 334. Ohun tó kù kò tó 370 fún aṣọ, oúnjẹ, ìkòkò, àga àti gbogbo ohun tí ẹ ò tíì rántí. Ilé ńlá tó gùn gbọọrọ lórí ẹsẹ̀ tí kò lágbára tó, ẹwà lásán ni, ó sì léwu fún àwọn ọmọ tó jókòó nínú rẹ̀.

Táyà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà ọkọ̀-ilé sábà máa ń gbó kí ó tó jẹ tán, nítorí náà eyín rẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Àmì RVIA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀-ilé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má kà á sí ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gáàsì, omi àti ààbò lọ́wọ́ iná ló dá lé. Kò sọ pé wọ́n kan dúróà dáadáa.

Ẹ tún fara balẹ̀ wo yàrá tó ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń mú kí inú fẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ihò ńlá ni wọ́n gé sára ògiri kí ó tó ṣeé ṣe. Nínú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, ẹyọ kan tó, èyí tí kò ní rárá sì dùn mọ́ mi nínú jù.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n pọn omi kún táńkì, kí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pa. Ó yẹ kí ó dákẹ́. Bó bá tún ń dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣí omi, omi ń jò níbì kan. Ẹ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà (VIN), lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ NHTSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó, bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe. Ẹ bẹ ẹni tó ń yẹ ọkọ̀-ilé wò lọ́wẹ̀, tó ní ìwé ẹ̀rí NRVIA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ san owó rẹ̀, kó má jẹ́ ẹni tí ilé ìtajà mú wá. Wọn á ní ẹ̀dínwó ń parí lónìí. Wọn á fi owó oṣù tó kéré hàn yín lórí ìwé gbèsè ọdún 15 tàbí 20. Ẹ bi wọ́n ní iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ lápapọ̀, kí ẹ sì lọ rò ó mọ́jú.

Bó bá sì wá wù yín títí ọjọ́ kejì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ sùn nínú rẹ̀ ní àgbàlá wọn fún alẹ́ kan kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ dáná, ẹ wẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ lo ilé ìtura. Ohun tó bá kọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn máa tún un ṣe kí owó tó kù tó dé ọwọ́ wọn.