Ọmọ Tí Kì Í Wojú Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ Anàgó, ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ń kọ́ ìtọ́jú ọkàn ọmọdé ní Abidjan, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ìyá rẹ̀ ti Ẹjìgbò wá tajà ní Adjamé tàbí Treichville. Ẹ má fi Faransé dídán bo ilé tí ẹ ti wá. Iṣẹ́ yìí nílò ilé náà.

Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú ìwé tí ẹ ń kà. Bí ọmọ bá wọlé tó tẹjú mọ́lẹ̀, ìwé lè ní ó ń sá fún ènìyàn. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ibẹ̀ gan-an ni olùtọ́jú tó jẹ́ ọmọ ilé wa ti ń kọsẹ̀: yóò ní ẹ̀kọ́ ilé ni, yóò sì pa fáìlì dé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ná: ṣé ọmọ náà ń wojú ìyá rẹ̀? Ṣé ó ń wojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọmọ tí wọ́n ń lù bí ẹni lu bàrà náà kì í wojú àgbà. Ilé tí ẹ ti wá fún yín ní ìbéèrè tí ẹlòmíràn kò ní rántí bi. Ìdáhùn ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ.

Àpẹẹrẹ kan wà: ní ilé ìwòsàn Fann, ní Dakar, níbi tí dókítà ọkàn Henri Collomb ti jẹ́ kí ẹbí máa bá aláìsàn gbé, András Zempléni àti Jacqueline Rabain kọ̀wé ní 1965 nípa ọmọ tí àwọn Wolof ń pè ní nit ku bon, tó fara jọ àbíkú wa. Wọn ò fi ẹbí ṣẹ̀sín. Wọ́n wo bí ilé ṣe ń ṣe sí ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò padà lọ. Ẹ ka iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, bí Faransé tiẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù yín lọ. Bí ìyá náà bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá yín lọ́jà (ó máa ń ṣẹlẹ̀), ẹ gbé ọmọ náà fún ẹlẹgbẹ́ yín.

Ẹ fetí sí èdè tí ọmọ fi ń sunkún. Ó lè fi nouchi, èdè ìgboro Abidjan, ṣeré, kó fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì gbé e lọ fún ọ̀gá yín bẹ́ẹ̀, láì kọ́kọ́ sọ ọ́ di Faransé ilé-ìwé.