Ṣé èébú ni "arúgbó"?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 78, kó wá sọ́dọ̀ wa ní Jahi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún aládùúgbò wa lẹ́nu géètì pé, "Màmá ti darúgbó, wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́." Màmá gbọ́. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni wọ́n ti ń dá jẹun. Ṣé èébú ni "arúgbó" ni? Kí ni ǹ bá ti sọ? — Ìyàwó ilé, Jahi, Abuja

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, arúgbó kì í ṣe èébú. Níbi ìkómọ, àdúrà wa ni pé kí ọmọ dàgbà, kó darúgbó, kó fi erìgì jẹ obì. "Àgbàyà" ni èébú, ìwà ló sì ń bá wí.

Ohun tó dun Màmá ni pé o ń sọ̀rọ̀ wọn létí wọn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n lè jẹ́ Ìyá Ìjọ tàbí ìyá ẹgbẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí. Ní Jahi, ta ló mọ̀ wọ́n? Ohun tí o bá pè wọ́n lójú Gbagyi, Hausa àti Igbo tó yí yín ká ni wọn yóò kà wọ́n sí.

Ẹ̀wẹ̀, má jẹ́ kí "wọ́n ti darúgbó" dí ọ̀nà ìtọ́jú. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló dí wọn létí, dókítà á sì yọ ọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà. Mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí ní National Hospital. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìyá tó ń gbàgbé ọ̀nà ilé: a óò ní ó ń ṣarán, ẹlòmíì á pè é lájẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ tó yẹ kí dókítà rí. National Senior Citizens Centre, tí òfin ọdún 2017 dá sílẹ̀ fún ire àwọn àgbàlagbà, wà ní Abuja yìí. Béèrè ètò tí wọ́n ní.

Lálẹ́ òní, kúnlẹ̀ kí o tọrọ àforíjì, má ṣe àwíjàre. Lọ́la, pe aládùúgbò yẹn wọlé, kí o sọ ẹni tí Màmá jẹ́ fún un, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọmọ tí wọ́n tọ́. Bí o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, kọjú sí wọn, rọra pe ọ̀rọ̀ náà kó yé wọn, má pariwo. Bó bá sì kan ọ̀rọ̀ ara wọn, jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́.