Akọni Wo Ni Ẹ Fẹ́ Jọ?



Mo bi àwọn ọmọ ilé kéú léèrè lọ́jọ́ kan pé akọni wo ni wọ́n fẹ́ jọ. Ọ̀kan ní Ìjàpá ni, nítorí pé ó ń rí jẹ láìṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí a wo oríṣi akọni mẹ́ta.

1. Ìjàpá: àrékérekè ni ohun ìjà rẹ̀, ikùn ara rẹ̀ ni ó ń jà fún. A ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

2. Ọdẹ: nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn láyà, ó sì gbójú lé oògùn. A kò bá a dé ìdí oògùn. Ṣùgbọ́n ire ìlú ni ó bá lọ sí Òkè Lángbòdó, ọgbọ́n ni ó sì gbà bọ̀ lọ́dọ̀ Ìrágbèje.

3. Ànábì Yúsúfù (Súrà 12): kò ní idà, kò ní oògùn. Wọ́n jù ú sí kànga, wọ́n tà á, ó ṣẹ̀wọ̀n láìṣẹ̀. Nígbà tí ó dé ipò, tí ìyàn lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a, ó dárí jì wọ́n.

Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn tàbí tí ẹ wo fíìmù, ẹ béèrè: ta ni akọni yìí ń jà fún? Kí ni ó ṣe lẹ́yìn tí ó borí? Ẹni tó ṣẹ́gun ọ̀tá pọ̀. Ẹni tó ṣẹ́gun ìbínú ara rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ọ̀kan nínú wọn. Àmín.