TÀBÍTÀ TI OREGON: OPÓ TÍ KÒ KA ARA RẸ̀ SÍ ARÚGBÓ

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36-42, 1 Àwọn Ọba 17:8-16
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 92:14
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé ohun kékeré tí ó kù lọ́wọ́ wa wúlò fún Ọlọ́run àti fún ọmọ ẹlòmíràn.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, kò sí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tí kò mọ ìtàn Dọ́káàsì. Tàbítà ni orúkọ rẹ̀ ní èdè ilẹ̀ rẹ̀. Dọ́káàsì ni ti èdè Gíríìkì. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó fi sin Olúwa. Lónìí, Tàbítà mìíràn ni a ó kọ́ nípa rẹ̀, òun náà sì mọ abẹ́rẹ́ lò.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jókòó, ẹ sinmi." Mo sì jókòó lóòótọ́. Kò pé ọdún kan tí ìjókòó náà fi sú mi, síbẹ̀ n kò dìde, nítorí mo ti gbà lọ́kàn mi pé iṣẹ́ mi láyé ti parí. Ìtàn obìnrin yìí ni ó bá mi wí.

1. ÌDÍLÉ RẸ̀

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1780 ni a bí Tabitha Moffatt ní ìlú Brimfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1799 ó fẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Clark Brown. Ní ọdún 1817 ọkọ rẹ̀ kú, ó sì fi í sílẹ̀ ní opó pẹ̀lú àwọn ọmọ láti tọ́: Orus, Manthano, àti Pherne ọmọbìnrin wọn. Ta ni yóò san owó oúnjẹ? Tabitha mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó di olùkọ́. Iṣẹ́ yìí ni ó fi tọ́ wọn dàgbà. Nígbà tí ó yá, ìdílé náà ṣí lọ sí Missouri ní ìhà ìwọ̀ oòrùn.

2. ÌRÌN ÀJÒ ỌDÚN 1846

Ní ọdún 1843 Orus lọ wo ilẹ̀ Oregon, ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń lọ wá ilẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó ròyìn ilẹ̀ náà títí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí rẹ̀ fi múra láti bá a lọ. Manthano dúró ní Missouri. Ní oṣù kẹrin ọdún 1846, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Tabitha pé ẹni ọdún 66, òun náà gun kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. Pherne àti ọkọ rẹ̀, Virgil Pringle, kó àwọn ọmọ wọn lọ. John Brown, ẹ̀gbọ́n ọkọ Tabitha, ẹni ọdún 77, wà pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 3,200.

Nígbà tí wọ́n dé Fort Hall, Orus ti wà níwájú ní ọ̀nà àtijọ́. Ẹnìkan wá sọ fún àwọn tí ó kù pé ọ̀nà àbùjá titun kan wà ní ìhà gúúsù. Wọ́n gbà á gbọ́. Àbùjá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n! Wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, ẹran wọn ń kú, òjò àti òtútù bá wọn nínú àfonífojì àwọn òkè Umpqua, kẹ̀kẹ́ Tabitha sì ṣòfò síbẹ̀. Oúnjẹ tán. Pherne àti ọkọ rẹ̀ ní kí àwọn àgbà méjèèjì gun ẹṣin lọ ṣáájú, bóyá wọn a rí ìrànlọ́wọ́.

Lọ́nà, ara John Brown kọ̀, ó ṣubú lórí ẹṣin. Ilẹ̀ ń ṣú. Tabitha fi aṣọ ìbòrí kẹ̀kẹ́ pa àgọ́ kékeré, ó gbé arúgbó náà wọlé, ó sì jókòó tì í láìsí iná, láìsí oúnjẹ, tí àwọn ìkookò ń hu yí wọn ká. Ó rò pé òkú ni òun yóò bá nílẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, ẹ̀mí wà, ìrànlọ́wọ́ sì dé. Lẹ́yìn náà Orus gbọ́ ìyọnu wọn, ó di oúnjẹ lé ẹṣin, ó wá wọn rí.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1846 ni Tabitha wọ ìlú Salem. Ilé àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ lẹ́yìn oṣù pípẹ́ ni ilé òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan. Ẹ rántí pé ìjọ wa ni ó rán Jason Lee lọ síbẹ̀ ní ọdún 1834, láti inú iṣẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìlú Salem ti hù.

3. OWÓ INÚ ÌBỌ̀WỌ́

Tabitha dé láìní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ kan ó rí nǹkan kan nínú ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó rò pé bọ́tìnnì ni. Owó ẹyọ ni, iye rẹ̀ kò ju sẹ́ǹtì 6 àti ìdámẹ́rin lọ. Kí ni owó yìí lè rà? Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó fi rà. Ó kó àwọn àlòkù aṣọ rẹ̀ fún àwọn obìnrin onílẹ̀, wọ́n fún un ní awọ àgbọ̀nrín, ó sì jókòó, ó ń rán ìbọ̀wọ́ tà fún tọkùnrin tobìnrin. Èrè rẹ̀ tó dọ́là 30. Àwọn baba wa ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

4. ILÉ ÀWỌN ỌMỌ ALÁÌLÓBÌÍ

Ọ̀pọ̀ òbí ti kú lójú ọ̀nà Oregon, àwọn ọmọ wọn sì ń káàkiri. Nígbà tí Tabitha lọ kí Orus ní ibi tí à ń pè ní Forest Grove lónìí, ó sọ fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run Harvey Clark pé bí òun bá ní owó ni, òun ìbá kó àwọn ọmọ wọ̀nyí sílé, kí òun máa tọ́ wọn kí òun sì máa kọ́ wọn. Clark bi í bóyá ó sọ ọ́ dénú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1848 wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìsìn onígi. Àwọn aládùúgbò gbé ìkòkò, ọ̀bẹ àti àwo wá. Òbí tí ó ní lọ́wọ́ ń san dọ́là kan lọ́sẹ̀. Ọmọ tí kò ní ẹnìkan kò san nǹkan kan. Tabitha fúnra rẹ̀ gbà láti ṣiṣẹ́ ọdún kan láìgba owó.

Ní ọdún 1851, ogójì ènìyàn ni ó ń bọ́. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ọdún 1854, ó ní òun fi ọwọ́ ara òun po ìyẹ̀fun ìwọ̀n pọ́n-ùn 3,423 láàárín oṣù tí kò pé márùn-ún. Mo ṣírò rẹ̀: ó tó àpò 31 nínú àpò fúláwà oníkílò 50 tí àwọn oníbúrẹ́dì wa ń rà! Ẹni ọdún 71 ni nígbà náà. Ìyá Àgbà Brown ni wọ́n ń pè é. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ọdún 1849 ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìwé àṣẹ. Ní 1854 àṣẹ náà gbòòrò, ó sì di Pacific University, tí ó wà títí di òní. Tabitha sùn ní oṣù karùn-ún ọdún 1858. Ní ọdún 1987 ilé aṣòfin Oregon bu ọlá fún un gẹ́gẹ́ bí Ìyá Oregon.

5. OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A FI PAMỌ́

Ilẹ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn ènìyàn Kalapuya ni wọ́n ni í. Ibà tí ó jà láti ọdún 1830 ti pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kí Tabitha tó dé, àdéhùn ọdún 1855 sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó kù. Ní ọdún 1844, àwọn tí ó ń ṣàkóso ibẹ̀ ṣe òfin pé kí adúláwọ̀ má gbé ibẹ̀. Bí àwa fúnra wa bá dé ẹnu ọ̀nà wọn nígbà náà, wọn ìbá lé wa. Rere tí ìyá yìí ṣe kò pa ìyẹn rẹ́. Ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí níláti béèrè pẹ̀lú pé, ilẹ̀ ta ni mo dúró lé?

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

(a) Opó Sáréfátì ní ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan. Tabitha ní owó ẹyọ kan. Ohun tí ó kù ni kí a wò, kì í ṣe ohun tí ó ti lọ.
(b) Kì í ṣe gbogbo àbùjá ni ó ń gé ọ̀nà kúrú. Ẹ jẹ́ kí a máa wádìí kí a tó tẹ̀lé ẹni tí ó ń tọ́ka ọ̀nà.
(d) Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ìkòkò àwọn aládùúgbò ni ó fi se oúnjẹ.

Ní tèmi, mo ti dìde. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ mẹ́fà ń wá kọ́ ìwé kíkà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́fà kì í ṣe ogójì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tèmi nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni "abẹ́rẹ́ mẹ́ta" tìrẹ, tí o kò tíì lò?
2. Ọmọ ta ni ó wà ládùúgbò wa tí kò ní ẹni tí yóò tọ́ ọ? Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí oṣù yìí tó parí?
3. Báwo ni a ṣe lè ṣe rere láìgbàgbé àwọn tí a ti rẹ́ jẹ?

ÀDÚRÀ

Olúwa, fi ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa hàn wá, kí o sì fún wa ní okun láti lò ó. Àmín.